Ohun Tí Àwáwù Gbọ́ Nínú Rikọ́dà

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ dé, Ojúọlápé kò sì tíì jẹ́ kí ọmọ kan ṣoṣo fọwọ́ kan rikọ́dà náà.

Orí tábìlì rẹ̀ ló ń gbé e lé láràárọ̀, lórí ìnura funfun kan tó mú ti ilé wá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, òun ló ń tẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń pa á. Bí ọmọ kan bá na ọrùn jù, á jágbe mọ́ ọn: "Jókòó jẹ́ẹ́! Ẹrù ìjọba nìyí. Àtàrí àjànàkú ni, kì í ṣe ẹrù ọmọdé." Bí agogo ìjádelọ bá dún, á fi ìnura wé e, á gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó di inú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Kò ní kúrò níbẹ̀ títí yóò fi rí i pé wọ́n ti tì í pa. Síbẹ̀, bó bá délé tán, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀. Á máa rò ó pé bóyá eku ti wọ kọ́bọ́ọ̀dù, bóyá òrùlé ọ́fíìsì ti ń jò.

A ò lè dá a lẹ́bi pátápátá. Ọdún 1981 ni, ọdún kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà sì nìyẹn. Ọmọ Ṣakí ni. Nígbà tó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tán, wọ́n gbé e wá sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú Òkèhò, níbi tí oko ẹ̀gẹ́ àti poro iṣu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ojú fèrèsé kíláàsì. Lẹ́yìn ọdún tuntun ni wọ́n pe òun àti tíṣà méje mìíràn láti àwọn ìlú àyíká lọ sí Ìsẹ́yìn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní rikọ́dà tó ń lo bátìrì mẹ́fà, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí wọ́n ti ka ẹ̀kọ́ sí lédè Yorùbá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dán àrà tuntun kan wò: kí tíṣà pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ara wọn tẹ rikọ́dà, kí wọ́n gbọ́ ẹ̀kọ́, kí wọ́n jọ jíròrò lé e lórí, kí wọ́n sì lọ fi kọ́ ọ̀wọ́ mìíràn. Iṣẹ́ tíṣà kò ju kó máa rìn láàárín wọn lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, alábẹ̀wò á wá wò ó. Bó bá dára, wọn á wá rikọ́dà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó kù. Bí kò bá dára, kí oníkálukú di ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ mú.

Ní Ìsẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Tíṣà mẹ́jọ ló jókòó yí rikọ́dà kan ká, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń ṣe bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà ní kíláàsì kẹrin tí Ojúọlápé ń kọ́, orí bẹ́ńṣì tí kò ju ti ogójì ọmọ lọ ni wọ́n sì há ara wọn mọ́. Ó ti fọwọ́ síwèé pé ọwọ́ òun ni rikọ́dà wà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jù ú sílẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá fi ìka ẹlẹ́kọ kàn án ńkọ́? Ta ni yóò dúró níwájú àwọn ará Ìsẹ́yìn, tí yóò ní ọmọdé ló bà á jẹ́?

Ọ̀gá àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Ògúndìran, kò tilẹ̀ mú ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ọkùnrin gíga kan ni, tí ilà áyọ́ọ̀nù kì í kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, tó sì fẹ́ràn kíláàsì tó pa rọ́rọ́. Lọ́jọ́ tí Ojúọlápé gbé rikọ́dà dé, ó wò ó títí.

"Mìsì," ó ní, "kíláàsì kẹfà ń múra ìdánwò tí wọn yóò fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. N kò fẹ́ ariwo. Ẹ máa ṣe nǹkan yín, àmọ́ etí mi kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ."

Nítorí náà, bí ẹni ń lo rédíò ni Ojúọlápé ń lo rikọ́dà. Á tẹ̀ ẹ́, ohùn jẹ́jẹ́ ọkùnrin kan á máa ṣàlàyé bí oòrùn ṣe ń fa omi odò lọ sókè, tó ń di ìkúukùu, tó ń di òjò. Àwọn ọmọ iwájú á lanu sílẹ̀. Àwọn tó wà láàárín á máa gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn á máa tòògbé, tàbí kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbá ara wọn lábẹ́ tábìlì.

Lórí bẹ́ńṣì tó kẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá fèrèsé, ni Àwáwù máa ń jókòó. Ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, tó ti tún kíláàsì kẹta ṣe lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló mọ̀ ọ́n sí olódo. Èèyàn á pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yíjú. Bí tíṣà bá ní kí wọ́n kọ "igi" sílẹ̀, "idì" ni Àwáwù á kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ojúọlápé ti nà án láti ìgbà tó ti wọ kíláàsì rẹ̀, nítorí ó rán an níṣẹ́, ọmọ náà sì kọ etí ikún sí i. Kì í sunkún bí wọ́n bá nà án. Ó kàn máa ń wo ẹnu ẹni tó ń nà án ni, bí ẹni ń wá nǹkan kan níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí à ń wí yìí, ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pe Ojúọlápé sí ọ́fíìsì.

"Lẹ́tà ti dé," ó ní. "Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni alábẹ̀wò ń bọ̀. Ìyáàfin Mọ́ládé lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn ọmọ ṣe ń fọwọ́ ara wọn lò ó ni àwọn fẹ́ rí. Ṣé wọ́n ti ń lò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò mọ ìgbà tí irọ́ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó padà sí kíláàsì. Nígbà tó délé, ó ro ọkà, ó bu ọbẹ̀ sí i, òkèlè méjì péré ló jẹ kó tó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí a bá yọ Sátidé àti Ọjọ́ Àìkú kúrò, mélòó ló kù? Ó kà á lórí ìka, ó tún un kà, kò lé.

Ní Ọjọ́rú, ó fi àyà rán an. Ó pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ mẹ́jọ, ọmọ mẹ́jọ mẹ́jọ. Ó gbé rikọ́dà lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn kíláàsì, ó kó ọ̀wọ́ kìíní lọ síbẹ̀, ó sì ní kí àwọn tó kù máa ya àwòrán odò àti ìkúukùu títí yóò fi kàn wọ́n.

Kò tíì yí ẹ̀yìn padà tán tí gbogbo nǹkan fi dàrú. Ọ̀wọ́ tó wà nínú kíláàsì ń yọjú lójú fèrèsé láti wo ọ̀wọ́ tó wà lábẹ́ igi. Bó bá sáré wọlé láti lé wọn jókòó, àwọn tó wà níta á bẹ̀rẹ̀ ìjà. Nígbà tó kan ọ̀wọ́ kẹta, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ràmọ́nì, tí apá rẹ̀ le bí ti àgbẹ̀, gbá rikọ́dà mọ́ra, ó ní òun nìkan ni yóò máa tẹ̀ ẹ́. Àwọn méje tó kù bò ó. Ọwọ́ mẹ́rìndínlógún ló ń tẹ bọ́tìnnì márùn-ún. Ohùn ọkùnrin inú rẹ̀ sáré, ó tún fà, ó di ohùn ẹni tó ti mu ọtí yó, ó sì dákẹ́ pátápátá.

"Ṣé ọjà ni ẹ̀ ń ná níbí ni?"

Ọ̀gá àgbà ló dúró sí kọ̀rọ̀ kíláàsì, tó fọwọ́ sẹ́yìn. Gbogbo àwọn ọmọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wo Ojúọlápé láti òkè délẹ̀, ó padà lọ.

Ojúọlápé kúnlẹ̀, ó ṣí ẹnu rikọ́dà. Ìfun kásẹ́ẹ̀tì ti tú jáde, ó ti lọ́ mọ́ ara ẹ̀rọ bí òwú tí ológbò fi ṣeré. Ó fi ìkánjú fà á, ó sì tún lọ́ mọ́ ọn sí i.

"Àǹtí, ẹ má fà á bẹ́ẹ̀. Á já."

Àdìjátù ló sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin kúkurú kan láti ọ̀wọ́ karùn-ún, tí kò yẹ kó wà lábẹ́ igi rárá. Ó ti wá láìgbàṣẹ.

"Kí lo mọ̀ nípa rẹ̀?" ni Ojúọlápé fi ìbínú bi í.

"Bàbá mi ní kásẹ́ẹ̀tì wáàsí púpọ̀ nílé. Bó bá tú báyìí, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n ká a."

Ojúọlápé wo ìfun tó tún lọ́ pọ̀, ó wo ọwọ́ ọmọ náà tó balẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn. Àdìjátù fi ìka méjì tú ìfun náà díẹ̀díẹ̀, ó fà á bọ́ láìjẹ́ pé ó já. Ó yọ bíró láti inú irun rẹ̀, ó tì í bọ ihò kásẹ́ẹ̀tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Gbogbo ọmọ dúró, wọ́n ń wò ó. Nígbà tí wọ́n dá a padà tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́, ohùn ọkùnrin náà jáde, ó wọ́ díẹ̀ níbì kan, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ òjò rẹ̀ lọ.

Ó ronú lé e títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń fi rikọ́dà pamọ́ kúrò lójú ọmọ tó mọ̀ ọ́n tún ṣe jù ú lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, kó tó gbé e jáde, ó fún olúkúlùkù níṣẹ́ nínú ọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan á gbé rikọ́dà, ẹnì kan á tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan á máa kọ ọ̀rọ̀ tó bá ta kókó sílẹ̀, ẹnì kan á béèrè ìbéèrè, àwọn yòókù ni yóò lọ ṣàlàyé fún ọ̀wọ́ kejì. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá ṣe títẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ràmọ́nì ló fi ṣe olùbéèrè, kó lè rí ibi lo agbára rẹ̀. Ariwo ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti dà bí ariwo ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀wọ́ karùn-ún nìkan ló ń ráhùn. Inú wọn ni Àwáwù wà.

"Àǹtí, ẹ mú Àwáwù kúrò lọ́dọ̀ wa," ni Àdìjátù wí. "Kò ní gbọ́ nǹkan kan. Á bà á jẹ́ fún wa."

"Kó máa gbé rikọ́dà," ni Ojúọlápé dáhùn, nítorí kò rí iṣẹ́ mìíràn tó rò pé ọmọ náà lè ṣe. "Kó gbé e sórí itan, kó má jẹ́ kó ṣubú. Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu."

Bẹ́ẹ̀ ni Àwáwù ṣe di agbérikọ́dà. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó jókòó sórí gbòǹgbò igi máńgòrò, ó gbé rikọ́dà lé itan, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra, ó sì tẹ etí òsì rẹ̀ mọ́ ibi tí ohùn ti ń jáde. Àwọn tó kù rò pé ó ń sùn ni. Ojúọlápé náà rò bẹ́ẹ̀. Ó ń bọ̀ wá láti jí i nígbà tí Àwáwù gbé orí sókè, tí ojú rẹ̀ là gedegbe.

"Àkùkọ kan ń kọ nínú rẹ̀," ó wí.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ràmọ́nì, tó ń kọjá lọ láti ọ̀wọ́ tirẹ̀, kọ bí àkùkọ. Ojúọlápé pàápàá ti fẹ́ bá a wí. Ṣùgbọ́n ọmọ náà tún un sọ, ó tẹpẹlẹ mọ́ ọn: "Nígbà tí bàbá náà sọ pé òjò ń rọ̀, àkùkọ kọ. Ó kọ lẹ́ẹ̀mejì. Kò pariwo, ó jìnnà."

Ojúọlápé dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwáwù, ó tẹ etí tirẹ̀ náà mọ́ rikọ́dà. Ohùn ọkùnrin náà ń sọ ti ìkúukùu, ó dé ibi òjò tó ń rọ̀, lóòótọ́ ni, lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ẹni pé láti abúlé kejì, àkùkọ kan kọ. Ó tún kọ. Ó ti tó ìgbà ogún tí Ojúọlápé ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà. Kò gbọ́ àkùkọ kankan rí.

Ó wo ọmọ náà, ó wo etí tó ṣì tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà.

Ó dìde, ó rọra bọ́ sẹ́yìn Àwáwù bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta. "Àwáwù," ó pè é, pẹ̀lú ohùn tó fi ń kọ́ kíláàsì. Ọmọ náà kò yíjú. "Àwáwù!" Àwọn tó kù ti ń yíjú láti wò ó, ṣùgbọ́n Àwáwù jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń fi ìka nu eruku lórí rikọ́dà. Ojúọlápé bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́bàá etí rẹ̀. Kò mira. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí náà, ó sì pè é wẹ́rẹ́.

"Àǹtí?" ni Àwáwù dáhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí oòrùn tó wọ̀, Ojúọlápé lọ sílé wọn. Ìyá Àwáwù wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń ro òrí tó ń sè lórí iná, gbogbo ọwọ́ rẹ̀ ń dán. Ó fi àga fún tíṣà, ojú rẹ̀ sì kún fún ìbẹ̀rù, nítorí tíṣà kì í wá sílé lásán.

"Kí ni ọmọ mi tún ṣe, tíṣà?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Ìyá Àwáwù. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé etí rẹ̀ ń dùn ún ni?"

Obìnrin náà fi igi tó fi ń rò ó sílẹ̀. Ó ní ìgbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin ni ibà líle kan ṣe é, tí etí rẹ̀ méjèèjì ń tú ọyún. Wọ́n kán oríṣiríṣi nǹkan sí i. Ọyún náà gbẹ, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ènìyàn kò bá súnmọ́ ọn, kì í gbọ́.

"Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ fún wa nílé-ẹ̀kọ́."

"Mo sọ! Tíṣà tó ní in ní kíláàsì kìíní, èmi fúnra mi ni mo lọ bá a. Ó ní òun gbọ́. Mo rò pé ẹ máa ń sọ fún ara yín." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Bó bá dé pẹ̀lú ojú ẹgba lára, mo máa ń rò pé ẹ mọ̀, àmọ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe fún irú wọn kí wọ́n lè gbọ́n."

Ojúọlápé kúnlẹ̀. Ó bẹ obìnrin náà. Ó sọ ọ́ jáde pé òun wà lára àwọn tó nà án, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì bẹ̀ ẹ́. Ìyá Àwáwù kò sọ pé òun dárí jì í, kò sì bú u. Ó ní òrí òun ń jóná, ó yíjú sí ìkòkò.

Láti Ọjọ́ Ajé, Àwáwù di ará bẹ́ńṣì iwájú. Nínú ọ̀wọ́ karùn-ún, Àdìjátù ló dá ọgbọ́n kan: ó ká ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ bí àrọ tí wọ́n fi ń da kẹrosíìnì, ó fi ẹnu kékeré rẹ̀ sí etí òsì Àwáwù, ó ń sọ̀rọ̀ sí ẹnu ńlá. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ọmọ kíláàsì ló ti ń ká ìwé. Ṣùgbọ́n ìdààmú Ojúọlápé kò dín kù, ńṣe ló di méjì. Ó ń bẹ̀rù alábẹ̀wò, ó sì ń bẹ̀rù bátìrì, nítorí ohùn inú rikọ́dà ti ń fà lẹ́sẹ̀. Ó tú wọn jáde, ó kó wọn sínú oòrùn bí ẹni sá ẹ̀gẹ́, ó dá wọn padà.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ìyáàfin Mọ́ládé dé ní agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀, nínú ọkọ̀ tó kún fún eruku ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Obìnrin sísanra ni, ó wọ awò ojú, kì í rẹ́rìn-ín, ó sì di ìwé ńlá kan mú. Ọ̀gbẹ́ni Ògúndìran tẹ̀lé e gẹ́gẹ́. Ojúọlápé kí i lórí ìkúnlẹ̀. Ọ̀wọ́ kìíní àti èkejì ṣe dáadáa. Nínú ọ̀wọ́ kẹta, Ràmọ́nì béèrè ìbéèrè pẹ̀lú ohùn bí ti ajagun, obìnrin náà kọ nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀wọ́ karùn-ún parí tiwọn, tí wọ́n sì ti gbé rikọ́dà fún ọ̀wọ́ kẹfà, alábẹ̀wò dúró lẹ́yìn wọn.

"Ìwọ ọmọ tó wọ sílípáàsì pupa," ó ní, "kí ló dé tí omi inú ìkúukùu fi ń rọ̀ wálẹ̀?"

Àwáwù ló wọ sílípáàsì pupa. Ó ń wo ọ̀wọ́ kẹfà, kò yíjú.

"Mo ní kí ló dé tí omi ń rọ̀?"

Kò dáhùn. Ọ̀gá àgbà súnmọ́ wọn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ wulẹ̀ bi ẹlòmíràn, mà. Olódo wa nìyẹn. Kò sí kíláàsì tí a kì í ti í rí ọ̀kan."

Ìyáàfin Mọ́ládé gbé bíró rẹ̀, ó fẹ́ kọ ọ́.

Ojúọlápé mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á kọjá. Orúkọ ọmọ kan á wọ ìwé gẹ́gẹ́ bí olódo, bó ṣe ti wọ ìwé mìíràn tẹ́lẹ̀, alábẹ̀wò á lọ síbi ọ̀wọ́ kẹfà, òun á sì yege. Bí òun bá sọ̀rọ̀, òun á ti sọ ọ̀gá àgbà di òpùrọ́ níwájú àlejò, òun á sì ti fi ẹnu ara òun sọ irú tíṣà tí òun jẹ́. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kó tó pinnu.

"Kì í ṣe olódo, mà. Kò gbọ́ ni."

"Kò gbọ́ kí ni?"

"Etí rẹ̀ kò gbọ́ràn, mà. Ọ̀tún ti kú, òsì ló kù díẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ni mo ti ń kọ́ ọ, n kò mọ̀. Mo nà án lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ohun tí kò gbọ́. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo tó mọ̀, rikọ́dà yìí ló sì jẹ́ kí n mọ̀."

Alábẹ̀wò bọ́ awò ojú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan, Àdìjátù ti ká ìwé rẹ̀, ó ti fi sí etí Àwáwù, ó bi í ní ìbéèrè náà. Àwáwù yíjú, ó rí àwọn àgbà tó dúró lé òun lórí, ó dìde.

"Ó ti wúwo jù ni, mà. Ìkúukùu kò lè rù ú mọ́. Bí ẹni tó pọn omi kún àmù, tí ọrùn ń ro ó, tó wá sọ̀ ọ́."

Ìyáàfin Mọ́ládé wò ó pẹ́. Ó wo ìwé tí wọ́n ká. Kò yìn ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè lọ́wọ́ Ojúọlápé bó ṣe mọ̀, Ojúọlápé sọ ti àkùkọ fún un. Ó kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà bátìrì kú pátápátá, ọ̀wọ́ keje àti ìkẹjọ kò rí nǹkan kan gbọ́, àwọn ọmọkùnrin méjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Alábẹ̀wò wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀gá àgbà pe Ojúọlápé sí ọ́fíìsì. Ó dúró, kò ní kó jókòó.

"Ẹ tú mi fó lójú àlejò, Mìsì."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, sà."

Ó rìn lọ sójú fèrèsé, ó fọwọ́ sẹ́yìn. "Lọ́dún tó tún kíláàsì kẹta ṣe, èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ìyá rẹ̀ wá bẹ̀ mí. Ó ní ọmọ òun kò gbọ́. Mo rò pé ó ní kì í gbọ́ràn ni." Ó fọwọ́ júwe ilẹ̀kùn fún un, Ojúọlápé sì jáde.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àyà Ojúọlápé fi ń já bó bá ti gbúròó alùpùpù ẹni tó ń kó lẹ́tà. Nígbà tí lẹ́tà dé, ó gùn. Ó ní kíláàsì náà ní ariwo púpọ̀. Ó ní ètò bátìrì kò dára. Ó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ náà yan tíṣà méjì sí i tí wọn yóò wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé kí wọ́n mú ọmọbìnrin tí etí rẹ̀ kò gbọ́ lọ sílé ìwòsàn ní Ṣakí, lẹ́tà tí wọn yóò fi hàn níbẹ̀ sì wà nínú àpòòwé. Ojúọlápé bá wọn lọ, òun àti Ìyá Àwáwù, wọ́n jókòó ti ara wọn nínú ọkọ̀. Dókítà ní kò sí ohun tí a lè ṣe sí ti ọ̀tún. Ti òsì, ó fọ̀ ọ́, ó fún wọn ní oògùn, ó ní kó máa jókòó níwájú. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Ìyá Àwáwù já ẹ̀kọ tó rà sí méjì, ó na ìdajì sí tíṣà. Ojúọlápé gbà á, ó jẹ ẹ́ tán.

Rikọ́dà ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn nígbà náà, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti pé. Àwọn ọmọ ṣì ń jókòó ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, wọ́n ṣì ń pín iṣẹ́ fún ara wọn, ìwé ni wọ́n ń lò báyìí.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, Ojúọlápé mú ìwé orúkọ, ó sì ń pe àwọn ọmọ jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Á ní kí ọmọ kọjú sí ògiri, á lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, á sọ ọ̀rọ̀ kan wẹ́rẹ́, ọmọ á tún un sọ. Lẹ́yìn náà, á ní kó ka ohun tó wà lójú pátákó láti bẹ́ńṣì tó kẹ́yìn. Ràmọ́nì, alágbára wọn, dúró níbẹ̀, ó ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú, kò lè ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó ní gbogbo rẹ̀ ṣú. Ojúọlápé fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó ku ọmọ mọ́kànlélógójì tí kò tíì yẹ̀ wò, ó sì pe ẹni tó kàn.